Nargis: Ọmọ Olórin Tí Ó Jókòó Láàárín Àwọn Aṣòfin

Ní ilẹ̀ Íńdíà láyé àtijọ́, iṣẹ́ kan wà tí gbogbo ènìyàn ń jẹ ìgbádùn rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ kí ọmọ òun ṣe. Iṣẹ́ náà ni orin kíkọ àti ijó jíjó obìnrin ní gbangba. Àwọn ọlọ́lá a máa pe olórin wá sí àgbàlá wọn, wọn a máa fi owó àti ohun ọ̀ṣọ́ ta á lọ́rẹ, àwọn ọmọkùnrin wọn a tilẹ̀ máa lọ kọ́ bí a ti í sọ̀rọ̀ láwùjọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó bá délẹ̀, ilẹ̀kùn ilé ọlọ́lá a pa dé mọ́ ọn lójú. Tawaif ni wọ́n ń pe irú obìnrin bẹ́ẹ̀. Ìyìn ni fún ohùn rẹ̀, àbùkù ni fún orúkọ rẹ̀.

Nígbà tí sinimá dé ilẹ̀ náà, àbùkù yìí bá a wọlé. Ní ọdún 1913, Dadasaheb Phalke ń ṣe Raja Harishchandra, eré sinimá gígùn àkọ́kọ́ tí ọmọ Íńdíà ṣe. Ó wá obìnrin tí yóò ṣe ayaba inú eré náà títí, kò rí. Àwọn obìnrin tí ń fi ara wọn ṣòwò pàápàá kọ̀ fún un, wọ́n ní iṣẹ́ náà yóò ba àwọn lórúkọ jẹ́. Níkẹyìn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń ṣiṣẹ́ ní ilé oúnjẹ, Anna Salunke, ni ó wọ aṣọ obìnrin, tí ó sì ṣe ayaba. Bí ojú ti rí nìyẹn. Kí ó tó pé àádọ́rin ọdún lẹ́yìn náà, Ààrẹ ilẹ̀ Íńdíà fa obìnrin òṣèré kan kalẹ̀ láti jókòó ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà. Ọmọ olórin ni obìnrin náà, ọmọ ọmọ olórin sì ni pẹ̀lú. Nargis ni orúkọ rẹ̀.

Ìdílé Rẹ̀

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 1929, ní ìlú Calcutta, ni Jaddanbai bí ọmọbìnrin kan tí wọ́n sọ ní Fatima Rashid. Olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn ni Jaddanbai, ìyá tirẹ̀ pẹ̀lú sì ti wà nídìí iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Bàbá ọmọ náà, Uttamchand Mohanchand, wá láti ìdílé àwọn Brahmin, àwọn tí ipò wọn ga jùlọ láàárín àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù. Ó ti pinnu láti kọ́ iṣẹ́ dókítà, ṣùgbọ́n ìfẹ́ Jaddanbai kó sí i lórí. Ó fi ẹ̀sìn àwọn baba rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ẹ̀sìn Mùsùlùmí, ó sì ń jẹ́ Abdul Rashid, kí ó lè fi olórin náà ṣe aya. Nítorí náà, kí ọmọ yìí tó lajú sáyé rárá ni àṣà ti ń bá a ṣe ẹjọ́: àwọn kan kò ní gbà á nítorí iṣẹ́ ìyá rẹ̀, àwọn mìíràn kò ní dárí ji bàbá rẹ̀ nítorí ẹ̀sìn tí ó yí padà.

Jaddanbai kì í ṣe ẹni tí í fi ọwọ́ lẹ́rán. Ó rí i pé ayé àwọn àgbàlá ọlọ́lá ń lọ sópin, ayé sinimá ni ó kù. Ó kó àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí Bombay, ó dá ilé iṣẹ́ sinimá tirẹ̀ sílẹ̀, ó sì wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tí ó ṣètò orin fún sinimá ní ilẹ̀ Íńdíà. Nínú eré kan tí wọ́n ń pè ní Talashe Haq, tí ó jáde ní ọdún 1935, ni ó ti mú ọmọbìnrin rẹ̀ fara han àwọn ènìyàn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ. Baby Nargis ni wọ́n pè é nínú ìwé eré náà. Orúkọ òdòdó kan ni Nargis, ó sì mọ́ ọn lára títí orúkọ àbísọ rẹ̀ fi di ohun ìgbàgbé lẹ́nu àwọn ènìyàn.

Síbẹ̀, ọkàn ọmọ náà kò sí nínú eré. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó fẹ́, iṣẹ́ dókítà tí bàbá rẹ̀ pa tì ni ó sì ń wò lókèèrè. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1943, nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, Mehboob Khan, olùdarí eré tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ ìdílé wọn, fi í ṣe olórí obìnrin nínú sinimá kan tí ń jẹ́ Taqdeer. Láti ọjọ́ náà ni ìrètí iṣẹ́ dókítà ti wọmi. Ìdílé ńlá ń bẹ lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò jẹun, òun ni ó sì di ẹni tí ń gbé oúnjẹ wálé.

Òkìkí Kàn

Ọdún 1949 jẹ́ ọdún ẹkún àti ẹ̀rín fún un. Ní oṣù kẹrin ni Jaddanbai kú. Ní ọdún kan náà ni sinimá méjì tí ó sọ Nargis di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká jáde. Èkíní ni Andaz, tí Mehboob Khan darí, níbi tí ó ti wà láàárín Dilip Kumar àti Raj Kapoor, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin òṣèré méjì tí ayé ń pariwo. Èkejì ni Barsaat, tí Raj Kapoor fúnra rẹ̀ darí. Àwòrán kan wà nínú Barsaat níbi tí ọkùnrin náà ti fi ọwọ́ kan di obìnrin mú, tí ó fi ọwọ́ kejì di ohun èlò orin olókùn mú. Inú àwòrán yìí ni Raj Kapoor ti mú àmì ilé iṣẹ́ rẹ̀, àmì náà sì wà níwájú àwọn eré tí ilé iṣẹ́ náà gbé jáde lẹ́yìn náà.

Ní ọdún 1951 ni Awaara jáde. Agbẹjọ́rò obìnrin ni Nargis ṣe nínú rẹ̀, ó dúró níwájú adájọ́, ó ń gbèjà ọkùnrin tí gbogbo ayé ti dá lẹ́bi. Ní ìgbà tí àwọn obìnrin agbẹjọ́rò kò tíì pọ̀ ní ilẹ̀ náà, ohun ìwúrí ni fún ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin láti rí i. Eré yìí la òkun kọjá. Àwọn ará ilẹ̀ Rọ́ṣíà tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ láti wò ó, orin inú rẹ̀ sì di èyí tí tọmọdé tàgbà ń kọ níbẹ̀. Nígbà tí Shree 420 tún jáde ní ọdún 1955, kò sí ibi tí wọ́n ti ń wo sinimá Íńdíà tí wọn kò mọ ojú Nargis.

Ṣùgbọ́n òkìkí kì í pa àṣà lẹ́nu mọ́. Gbogbo ayé mọ̀ pé ìfẹ́ tí Nargis àti Raj Kapoor ń ṣe nínú sinimá ti kọjá ti eré, gbogbo ayé ni ó sì mọ̀ pé ọkùnrin náà ní aya àti ọmọ nílé. Ní ọdún 1955 ni ìjọba ilẹ̀ Íńdíà ṣe òfin pé ọkùnrin Híńdù kò gbọdọ̀ ní ju aya kan lọ. Bí òfin náà ti dáàbò bo àwọn obìnrin tó, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ó dúró lẹ́yìn ilé. Lójú àwọn aláhesọ, ohun tí ó dé bá Nargis kò yani lẹ́nu. Wọ́n ní bí ìyá bá ti rí ni ọmọ í rí. Ọkùnrin náà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ nínú ẹ̀gàn yìí, obìnrin ni ó ru gbogbo rẹ̀. Ní ọdún 1956, Nargis gbé ẹrù rẹ̀ kúrò ní ilé iṣẹ́ Raj Kapoor. Kò bá a ṣe eré pọ̀ mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ìyá Ilẹ̀ Íńdíà

Mehboob Khan, tí ó mú un wọ iṣẹ́, ni ó tún gbé iṣẹ́ tí ó tóbi jùlọ lé e lọ́wọ́. Ní ọdún 1927, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Katherine Mayo, ti kọ ìwé kan tí ó pè ní Mother India, ó sì fi bu àwọn ọmọ ilẹ̀ Íńdíà àti àṣà wọn gidigidi. Mehboob Khan mú orúkọ ìwé náà, ó fi pe sinimá rẹ̀, kí orúkọ tí wọ́n fi ń bú ilẹ̀ náà lè di orúkọ ìyìn. Ọdún 1957 ni ó jáde.

Radha ni orúkọ tí Nargis jẹ́ nínú rẹ̀. Ìyàwó ilé àgbẹ̀ ni. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti yá owó lọ́wọ́ olówó èlé láti fi ṣe ìnáwó ìgbéyàwó rẹ̀. Nítorí wọn kò mọ̀wé, wọ́n tẹ̀ka sí ohun tí wọn kò lóye, àwọn àgbà abúlé sì dá a pé ìdá mẹ́ta nínú ìdá mẹ́rin ìkórè wọn ni wọn yóò máa san fún èlé. Òkúta já lu ọkọ rẹ̀, apá rẹ̀ méjèèjì run, ìtìjú sì mú un kúrò nílé láìpadà wá. Omíyalé dé, ebi dé, ọmọ kú. Radha fi èjìká ara rẹ̀ fa ohun ìtúlẹ̀, ó tọ́ ọmọkùnrin méjì tí ó kù dàgbà, olówó èlé sì ń fi oúnjẹ tàn án kí ó lè ba ìwà rẹ̀ jẹ́, ó kọ̀. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ Birju di ọlọ́ṣà, tí ó pa olówó èlé, tí ó sì fẹ́ jí ọmọbìnrin ọkùnrin náà gbé lọ lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, Radha gbé ìbọn, ó yìn ín lu ọmọ tí ó bí. Iyì ọmọbìnrin kan ní abúlé ni iyì gbogbo obìnrin abúlé lójú rẹ̀. Kò sì gbà kí ìfẹ́ ọmọ fọ́ òun lójú sí i.

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni Nargis nígbà tí eré yìí jáde, síbẹ̀ ó ṣe ìyàwó, ó ṣe abiyamọ, ó ṣe arúgbó. Obìnrin tí àwọn aláhesọ ń pè ní ọmọ alágbèrè ni gbogbo ilẹ̀ Íńdíà wá ń pè ní ìyá. Eré náà ni àkọ́kọ́ láti ilẹ̀ náà tí wọ́n fà kalẹ̀ fún ẹ̀bùn Oscar ti Amẹ́ríkà fún sinimá ilẹ̀ òkèèrè. Ní ọdún 1958, wọ́n fún Nargis ní ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tí ó ta yọ jùlọ ní àjọ̀dún sinimá Karlovy Vary ní ilẹ̀ Czechoslovakia ìgbà náà, ìjọba ilẹ̀ rẹ̀ sì fi oyè Padma Shri dá a lọ́lá. Ní Nàìjíríà níhìn-ín pàápàá, pàápàá jùlọ ní Kano àti àwọn ìlú Òkè Ọya, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń wo Mother India léraléra láìsú wọn.

Iná àti Ìgbéyàwó

Nígbà tí wọ́n ń ya eré náà ní abúlé kan ní Gujarat, wọ́n ti iná bọ koríko gbígbẹ, iná sì yí Nargis ká. Sunil Dutt, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ṣe Birju, ni ó kó wọ inú iná lọ fà á yọ. Iná bó ọkùnrin náà, ó dùbúlẹ̀ àìsàn, Nargis sì jókòó tì í títí ara rẹ̀ fi mókun. Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wọn ti wọ̀. Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹta ọdún 1958, wọ́n ṣe ìgbéyàwó.

Ẹni tí ó bá mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1947 ni yóò mọ bí ìgbéyàwó yìí ti wúwo tó. Ní ọdún náà ni wọ́n pín ilẹ̀ náà sí méjì, Íńdíà àti Pakistan. Híńdù àti Mùsùlùmí ń pa ara wọn, àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ènìyàn sì sá kúrò ní ilé baba wọn. Sunil Dutt, ọmọ Híńdù, wà lára àwọn tí ogun náà lé kúrò nílé. Ọdún mọ́kànlá péré lẹ́yìn náà ni ó mú ọmọ Mùsùlùmí wọlé bí aya, ìyẹn ọmọ olórin, tí ayé ti fi ẹnu gé lára. Kò bi í léèrè àná rẹ̀. Èyí ni ohun tí àṣà sọ pé kò lè ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tawaif: kí ọkùnrin ọmọlúàbí fẹ́ ẹ ní gbangba, kí ìdílé ọkọ sì gbà á.

Nargis fi sinimá sílẹ̀, ó gbájú mọ́ ilé rẹ̀. Ọmọ mẹ́ta ni Ọlọ́run fi jíǹkí wọn: Sanjay, Namrata àti Priya. Ẹ̀ẹ̀kan gbòógì ni ó padà síwájú ẹ̀rọ, nínú Raat Aur Din tí ó jáde ní ọdún 1967, níbi tí ó ti ṣe obìnrin kan tí ó jẹ́ ìyàwó ilé jẹ́ẹ́jẹ́ lọ́sàn-án, tí ó sì ń di ẹlòmíràn ní alẹ́. Ìjọba fún un ní ẹ̀bùn òṣèrébìnrin tí ó dára jùlọ ní gbogbo ilẹ̀ Íńdíà nítorí rẹ̀, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó gba ẹ̀bùn náà.

Iṣẹ́ Ìlú

Kì í ṣe ìbò ni ó gbé Nargis dé ìdí ìṣèlú, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Òun àti ọkọ rẹ̀ kó àwọn òṣèré àti olórin jọ, wọ́n ń lọ bá àwọn ọmọ ogun ní ẹnu ààlà ilẹ̀ náà, níbi tí òtútù àti ìdánìkanwà ti ń bá wọn jà, wọ́n ń dá wọn lára yá. Nígbà tí Bangladesh gba òmìnira ní ọdún 1971, wọ́n lọ ṣeré ní ìlú Dhaka. Ní ọdún 1972, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Bombay fún àwọn ọmọ tí ọpọlọ wọn ti ní ìpalára láti kékeré, tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ wọn kò gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Lásìkò náà, inú yàrá ni ọ̀pọ̀ òbí ń fi irú ọmọ bẹ́ẹ̀ pamọ́ sí nítorí ìtìjú. Nargis ni ó kọ́kọ́ di alátìlẹ́yìn àgbà ẹgbẹ́ náà. Ọmọ tí àwọn ènìyàn ń tijú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí i. Òun náà ti jẹ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí.

Òfin ilẹ̀ Íńdíà fún Ààrẹ láyè láti yan ènìyàn méjìlá sí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà láìdìbò, àwọn tí wọ́n lókìkí nínú ìwé kíkọ, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ ọnà àti iṣẹ́ àánú. Ní ọdún 1980, lábẹ́ ìjọba Indira Gandhi tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n yan Nargis. Ìyá rẹ̀ ti kọrin níwájú àwọn ọlọ́lá, ó ń dúró, wọ́n ń jókòó. Nísinsìnyí ọmọ rẹ̀ jókòó láàárín àwọn tí ń ṣe òfin.

Ọ̀rọ̀ tí ó mú un di àríyànjiyàn jùlọ níbẹ̀ kan sinimá. Ó dìde, ó sì bá Satyajit Ray wí, olùdarí eré tí gbogbo ayé ń yìn láti ìgbà tí Pather Panchali ti jáde ní ọdún 1955. Ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé òṣì ilẹ̀ Íńdíà ni ọkùnrin náà ń gbé tà fún àwọn ará òkèèrè. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè ohun tí ó yẹ kí ó fi hàn, ó tọ́ka sí àwọn odò ńlá tí ìjọba ti sé, àti irú iṣẹ́ ìdàgbàsókè bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣèré àti ọ̀mọ̀wé kan dìde sí i, wọ́n ní ẹni tí ó bá fi òtítọ́ hàn kò ba ilẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Wọn kò ṣàìní ẹjọ́ rò, nítorí kí ni Mother India fúnra rẹ̀ bí kò ṣe ìtàn òṣì? Ẹrẹ̀, gbèsè àti ebi inú eré náà ni ó gbé Nargis ga. Ṣùgbọ́n bí ó ti wù kí ojú àpá jinná tó, kò lè jọ ojú ara. Ẹni tí wọ́n ti fi ìdílé rẹ̀ bú láti kékeré mọ bí ojú àlejò ti ń ta ni lára. Bóyá ohun tí ó ń ṣe fún orúkọ ara rẹ̀ ni ó fẹ́ ṣe fún orúkọ ilẹ̀ rẹ̀. Ó gbàgbé pé kì í ṣe nípa fífi ìtàn pamọ́ ni òun fi gba iyì, bí kò ṣe nípa dídúró gbọn-in níwájú gbogbo ènìyàn.

Òpin Ìrìn Àjò

Kò pẹ́ púpọ̀ nílé ìgbìmọ̀. Ní ọdún 1980 kan náà ni àìsàn wọlé dé. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé ibà pọ́njú ni, ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ ni, ó sì ti mú un nínú ẹ̀yà ara kan tí ń bẹ lẹ́yìn àpò oúnjẹ. Ọkọ rẹ̀ gbé e lọ sí New York, wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un, ó sì padà sílé. Àìsàn náà tún dìde. Ní ọjọ́ kẹta oṣù karùn-ún ọdún 1981 ni Nargis jáde láyé ní Bombay, ó ku díẹ̀ kí ó pé ọmọ ọdún méjìléláàádọ́ta. Ilẹ̀ ìsìnkú àwọn Mùsùlùmí tí wọ́n ń pè ní Bada Qabrastan ni wọ́n sin ín sí. Lọ́jọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni wọ́n fi Rocky, sinimá àkọ́kọ́ tí ọmọ rẹ̀ Sanjay ti jẹ́ òṣèré pàtàkì, han àwọn ènìyàn. Wọ́n fi ìjókòó kan sílẹ̀ lófìfo fún ìyá tí kò lè wá.

Sunil Dutt kò jẹ́ kí orúkọ aya rẹ̀ parun. Ó dá àjọ kan sílẹ̀ ní orúkọ rẹ̀ fún ìtọ́jú àwọn alárùn jẹjẹrẹ. Òun náà wọ ìṣèlú, wọ́n dìbò yàn án sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú ní ọdún 1984. Ní ọdún 1987, nígbà tí ìjà ẹ̀sìn ń jó ìpínlẹ̀ Punjab run, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti Bombay dé Amritsar láti bẹ̀bẹ̀ fún àlàáfíà, Priya ọmọ rẹ̀ sì bá a rìn. Nígbà tí bàbá kú ní ọdún 2005, Priya ni wọ́n dìbò yàn rọ́pò rẹ̀.

Ìjọba pẹ̀lú bu ọlá fún Nargis. Wọ́n tẹ àwòrán rẹ̀ sórí òǹtẹ̀ lẹ́tà ní ọdún 1993, fún ọ̀pọ̀ ọdún sì ni ẹ̀bùn ìjọba fún sinimá tí ó bá so àwọn ọmọ ilẹ̀ náà pọ̀ láìka ẹ̀yà àti ẹ̀sìn sí fi ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní ọdún 2024 ni ìjọba yọ orúkọ náà kúrò lára ẹ̀bùn yìí. Ṣùgbọ́n ohun tí Nargis ṣe kò sí lórí ẹ̀bùn. Kí ó tó dé, àṣà ilẹ̀ rẹ̀ gbà pé ìtìjú iṣẹ́ òṣèré ń ti ọ̀dọ̀ ìyá bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ bí ẹní jogún ilẹ̀. Kò sẹ́ ìyá rẹ̀, kò fi iṣẹ́ náà pamọ́, kò sì yí ìtàn ìdílé rẹ̀ padà. Ó jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ Jaddanbai, ó fi ìtìjú rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọbìnrin tí ó tẹ̀ lé e wọ ilé sinimá kò sì bá a níbẹ̀ bí ó ti rí tẹ́lẹ̀ mọ́.